Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Wọ́n Fi Ṣe Òṣùwọ̀n? Ìtàn Àyẹ̀wò Jíìnì àti Oògùn Warfarin

Àṣamọ̀

Ní àwọn ilé ìwòsàn kan lágbàáyé lónìí, àyẹ̀wò jíìnì ti ń di ọ̀kan lára ohun tí àwọn dókítà fi ń yan oògùn fún àwọn tó ní àrùn ọkàn. Nínú iṣẹ́ yìí, a tọpa ìtàn ọ̀kan lára irú oògùn bẹ́ẹ̀, ìyẹn warfarin, láti ìgbà tí màlúù ń ṣẹ̀jẹ̀ kú ní pápá ìjẹko ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, títí dé ọdún 2013 tí ìwádìí ńlá méjì lórí àyẹ̀wò jíìnì mú èsì tó yàtọ̀ síra jáde. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé òṣùwọ̀n kì í mọ̀ ju àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe é lọ. Orúkọ Yorùbá ti wà nínú àwòrán jíìnì àgbáyé láti ọdún 2005. Síbẹ̀, nígbà tí ó di pé kí wọ́n fi jíìnì mọ ìwọ̀n oògùn, àwọn ẹ̀dà jíìnì kan tó ṣe pàtàkì lára àwọn ènìyàn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà kò sí nínú ìṣirò náà. A sọ ohun tí èyí já sí fún àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́.

Ìfáàrà

Ọwọ́ kan náà ni ìka márààrún wà, síbẹ̀ wọn kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara àwa ènìyàn rí sí oògùn. Oògùn tó wo Àjàyí sàn lè má ran Àìná, ìwọ̀n tó sì tó ẹnì kan lè pa ẹlòmíràn lára. Àwọn oníṣègùn wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà ilé ìwòsàn náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó pẹ́ kí a tó mọ̀ ni ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjogúnbá kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lónìí mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lè béèrè jẹ́nótáìpù òun àti ti àfẹ́sọ́nà òun. AA, AS àti SS ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò tíì gbọ́ ni pé àbùdá tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, èyí tí a ń pè ní jíìnì nínú iṣẹ́ yìí, tún lè sọ irú oògùn tí yóò bá ara ẹni mu àti ìwọ̀n tí yóò tó o.

Warfarin ni a yàn láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, ẹni tí wọ́n ti fi fáàfù onírin pààrọ̀ ti ọkàn rẹ̀, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí oògùn náà bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì, kí ó gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ, kí ó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ. Ààyè tó wà láàrin kíkéré jù àti pípọ̀ jù kò fẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n tí ẹnì kan nílò lè tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ẹlòmíràn nílò. Báwo wá ni dókítà yóò ṣe mọ ìwọ̀n tó tọ́ kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ìtàn tí a fẹ́ sọ dá lé lórí.

Láti pápá màlúù dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, àrùn kan tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọlu màlúù ní Kánádà àti ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá gé ìwo màlúù, iṣẹ́ tí àwọn darandaran ibẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́, màlúù náà yóò máa ṣẹ̀jẹ̀ títí yóò fi kú. Frank Schofield, dókítà ẹranko ní Ontario, ló ṣàkíyèsí pé koríko gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní sweet clover ni àwọn màlúù náà jẹ, àti pé koríko ọ̀hún ti bu. Ṣùgbọ́n èròjà tó wà nínú koríko náà kò hàn sí ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní oṣù kejì ọdún 1933, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin gbé òkú màlúù kan, garawa ẹ̀jẹ̀ tí kò dì, àti koríko tó ti bu, ó kó wọn lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà. Karl Paul Link, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ló gbà á lálejò. Ọdún mẹ́fà gbáko ni òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lò kí wọ́n tó yọ èròjà náà jáde ní ọdún 1939. Dicoumarol ni wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òmíràn tó lágbára jù ú lọ. Láti inú orúkọ àjọ tó ń náwó sí ìwádìí ní yunifásítì náà, Wisconsin Alumni Research Foundation, ni wọ́n ti mú lẹ́tà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀: warfarin. Ní ọdún 1948, ó dé ọjà gẹ́gẹ́ bí májèlé eku.

Ní ọdún 1951, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà nínú iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà gbé májèlé yìí jẹ, wọ́n sì fi fítámì K gbà á là. Àwọn dókítà rí i nígbà náà pé ohun tó ń pa eku ṣeé darí nínú ara ènìyàn. Ní ọdún 1954, wọ́n fọwọ́ sí i fún lílò ènìyàn. Nígbà tí àrùn ọkàn kọlu Ààrẹ Dwight Eisenhower ní ọdún 1955, warfarin wà lára ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Láàrin ọdún méje, májèlé eku ti di oògùn Ààrẹ.

Ṣùgbọ́n ìṣòro ìwọ̀n kò tán. Dókítà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kan, á sì máa gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn léraléra láti mọ bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ náà tó dì. Ní ọdún 1983, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ́wọ́ gba ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé àyẹ̀wò yóò fi máa ka èsì, èyí tí wọ́n ń pè ní INR, kí èsì ìlú kan lè bá ti ìlú mìíràn dọ́gba. Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, INR gbọ́dọ̀ wà láàrin 2 sí 3. Ọ̀nà yìí dára púpọ̀, a kò sì tíì rí ohun tó rọ́pò rẹ̀ fún ẹni tó ń lo warfarin. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé ìgbà tí oògùn bá ti wọ ara tán ni ó tó máa sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń wá ìwọ̀n kiri ni ewu pọ̀ sí jù.

Bí a ṣe mọ̀ pé àjogúnbá lọ́wọ́ sí i

Ìmọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi yanjú ìṣòro yìí ti ń bọ̀ láti ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1902, Archibald Garrod, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń sọ ìtọ̀ di dúdú, ó sì fi hàn pé inú ìdílé ni ó ń tọ̀. Ó ní bí ojú àti ìrísí àwọn ènìyàn kò ṣe jọra, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí ń lọ nínú ara wọn kò jọra.

Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀rí tó lágbára wá láti ọ̀dọ̀ oògùn ibà. Àwọn olùwádìí ń dán primaquine wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà Stateville ní ìpínlẹ̀ Illinois. Wọ́n rí i pé nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ dúdú, àwọn kan wà tí oògùn náà ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa wọn jẹ́. Ní ọdún 1956, wọ́n mọ ìdí rẹ̀: ara àwọn ẹni náà kò ní ẹ́ńsáìmù kan, G6PD, tó bó ṣe yẹ. Àìtó ẹ́ńsáìmù yìí wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ tí ibà ti ń jà, ilẹ̀ tiwa sì wà lára wọn, nítorí pé ó ń dáàbò bo ènìyàn díẹ̀ lọ́wọ́ ibà, gẹ́gẹ́ bí AS náà ti ń ṣe.

Ní ọdún 1957, Arno Motulsky kó irú àpẹẹrẹ wọ̀nyí jọ nínú àpilẹ̀kọ kan, ó sì ṣàlàyé pé jíìnì lè jẹ́ ìdí tí oògùn fi ń ṣe ẹnì kan ní jàǹbá tí kò ṣe ẹlòmíràn. Ní ọdún 1959, Friedrich Vogel ní Jámánì fún ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní, pharmacogenetics. Ó yẹ kí a fi ọkàn sí ohun kan níbí. Nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní òkè òkun wà níbẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì ti gbà á.

Jíìnì méjì tó ń darí warfarin

Láàrin àwọn ọdún 1990 sí 2004, àwọn olùwádìí mọ jíìnì méjì tó lọ́wọ́ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ warfarin. Èkíní ni CYP2C9. Òun ni ó ń pèsè ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀dọ̀ tó ń tú oògùn náà ká kí ó lè jáde kúrò lára. Èkejì ni VKORC1, tí wọ́n rí ní ọdún 2004. Òun ni ó ń pèsè ohun tí warfarin ń lọ dí lọ́wọ́ nínú ara, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń tún fítámì K ṣe kí ẹ̀jẹ̀ lè dì.

Ẹ jẹ́ kí a fi warfarin wé omi tí a ń dà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu. CYP2C9 ni ó ń sọ bí ihò ìdí ìkòkò náà ṣe tóbi tó. Bí ihò náà bá kéré, omi yóò tètè kún. VKORC1 ni ó ń sọ ibi tí omi gbọ́dọ̀ ga dé kí iṣẹ́ tó ṣe. Ẹni tí ihò tirẹ̀ kéré, tí omi tó nílò kò sì pọ̀, oògùn díẹ̀ ni yóò tó o. Bí dókítà bá fún un ní ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn ń lò, yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Jíìnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà oríṣiríṣi. Ẹ̀dà CYP2C9 tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń dín iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà kù ni èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 2 àti nọ́ńbà 3. Lára àwọn ará Yúróòpù ni àwọn méjèèjì ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀dà VKORC1 tó ń jẹ́ kí oògùn díẹ̀ tó ènìyàn wọ́pọ̀ gan-an ní ìlà-oòrùn Éṣíà, ó sì ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà. Ìdí nìyí tí àwọn aláìsàn ní Ṣáínà àti Jàpáànù fi sábà máa ń nílò ìwọ̀n tó kéré, tí àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà sì sábà máa ń nílò èyí tó pọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, àjọ FDA, tó dà bí NAFDAC tiwa, ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ jíìnì méjèèjì sínú ìwé tó ń bá warfarin rìn ní Amẹ́ríkà.

Ìbàdàn nínú àwòrán jíìnì àgbáyé

Ní àkókò kan náà, iṣẹ́ ńlá mìíràn ń lọ lọ́wọ́, ó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ṣáínà, Jàpáànù àti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap. Èrò wọn ni láti ya àwòrán ibi tí jíìnì ènìyàn ti yàtọ̀ síra, kí àwọn tó ń wádìí àrùn àti oògùn lè rí ohun tí wọn yóò máa tọ̀.

Ènìyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú wọn, 90 jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: ìdílé 30, baba, ìyá àti ọmọ kan tó ti dàgbà nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ pé Yorùbá ni àwọn òbí òbí òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn 90 mìíràn wá láti Utah ní Amẹ́ríkà, 45 láti Tokyo, 45 láti Beijing. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Charles Rotimi, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni àbájáde àkọ́kọ́ jáde. Láti ìgbà náà, lẹ́tà mẹ́ta YRI, tó dúró fún Yorùbá ní Ìbàdàn, ti wà nínú àìlóǹkà ìwádìí káàkiri ayé.

Àwọn tó ṣe HapMap fi ìlànà kan lélẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Wọ́n ní kí olùwádìí kọ́kọ́ kọ “Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà” ní kíkún kó tó lo ìgékúrú, kí ó má sì pè wọ́n ní “Áfíríkà” lásán. Ìdí rẹ̀ ṣe kedere. Kò sí ilẹ̀ kankan láyé tí jíìnì àwọn ènìyàn rẹ̀ yàtọ̀ síra tó ti Áfíríkà. Àádọ́rùn-ún ènìyàn ní ìlú kan kò lè dúró fún gbogbo Yorùbá, áḿbọ̀sìbọ́sí Hausa, Igbo, Tiv tàbí Zulu. Nígbà tó yá, iṣẹ́ 1000 Genomes tó tẹ̀lé e fi àwọn Esan láti Nàìjíríà kún un, ṣùgbọ́n Áfíríkà tó ṣẹ́ kù ṣì pọ̀ lọ súà.

Èsì méjì, ọdún kan

Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ olùwádìí kan láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi àkọsílẹ̀ aláìsàn 4,043 ṣe ìṣirò kan tó ń lo ọjọ́ orí, gíga, ìwúwo, àwọn oògùn mìíràn àti jíìnì méjèèjì láti sọ ìwọ̀n warfarin tí yóò tó ènìyàn. Wọ́n dán an wò lára àwọn 1,009 mìíràn, ó sì sàn ju kí a kàn máa fún gbogbo ènìyàn ní ìwọ̀n kan náà. Ó wá kù kí wọ́n fi ìlànà bẹ́ẹ̀ tọ́jú aláìsàn gan-an.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, èsì ìwádìí méjì jáde pọ̀. Ti àkọ́kọ́, EU-PACT, wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Súwídìn pẹ̀lú aláìsàn 455, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Yúróòpù ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi jíìnì yan ìwọ̀n oògùn fún lo ìdá 67.4 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò wọn pẹ̀lú INR tó dára. Àwọn tí wọn kò lo jíìnì fún lo ìdá 60.3. Àyẹ̀wò jíìnì borí.

Ti èkejì, COAG, wáyé ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú aláìsàn 1,015. Ó ju ìdá mẹ́rin kan nínú wọn lọ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Níbẹ̀, kò sí ìyàtọ̀: 45.2 fún ẹgbẹ́ jíìnì, 45.4 fún ẹgbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, ohun mìíràn yọjú. Lára wọn, ẹgbẹ́ jíìnì ní 35.2, ẹgbẹ́ tí kò lo jíìnì sì ní 43.5. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe láti ran aláìsàn lọ́wọ́ ti mú kí ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú jìnnà sí ìwọ̀n tó tọ́.

A gbọ́dọ̀ ṣe òdodo sí ìwádìí méjèèjì. Ohun tí wọ́n fi jíìnì wé kò dọ́gba. Ní Yúróòpù, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí kò lo jíìnì. Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò tó wo ọjọ́ orí àti ìwúwo ni wọ́n lò fún wọn, èyí sì ṣòro láti borí. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìdí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi pàdánù.

Ohun tí kò sí nínú ìṣirò

Ẹ̀dà CYP2C9 tí COAG yẹ̀ wò ni nọ́ńbà 2 àti nọ́ńbà 3, àwọn tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Lára àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà, àwọn ẹ̀dà mìíràn ni ó ń dín iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà kù: nọ́ńbà 5, 6, 8 àti 11. Nọ́ńbà 8 ni ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó ní nọ́ńbà 8, bí wọ́n bá fi àyẹ̀wò yẹn wò ó, èsì yóò sọ pé ẹ́ńsáìmù rẹ̀ pé pérépéré. Ihò ìdí ìkòkò rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ìwé sọ pé ó tóbi. Oògùn tí wọn yóò fún un yóò sì pọ̀ jù.

Ní ọdún 2013 kan náà, Minoli Perera àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wádìí, wọ́n sì rí àmì mìíràn nítòsí CYP2C9 tó ń dín ìwọ̀n warfarin tí wọ́n nílò kù. Ní ọdún 2017, ìlànà CPIC, tí àwọn dókítà ń tẹ̀lé lórí ọ̀rọ̀ jíìnì àti oògùn, la ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Bí aláìsàn bá ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà, tí wọn kò sì yẹ nọ́ńbà 5, 6, 8 àti 11 wò, kí dókítà má ṣe lo jíìnì láti yan ìwọ̀n fún un. Ìyẹn ni pé àyẹ̀wò tí kò pé léwu ju àìṣe àyẹ̀wò lọ. Ọdún 2017 yẹn náà ni ìwádìí GIFT ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí tàbí orúnkún fún, fi hàn pé lílo jíìnì dín ìjàǹbá kù láti 14.7 sí 10.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé kí dókítà wá kàn máa wo àwọ̀ ara. Ìtàn ti dán èyí náà wò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, FDA fọwọ́ sí BiDil, oògùn fún ọkàn tó ti rẹ̀, fún àwọn tó pe ara wọn ní aláwọ̀ dúdú nìkan. Ìwádìí tí wọ́n gbé e lé lo aláìsàn 1,050, oògùn náà sì dín ikú kù ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíìnì ni wọ́n fi yan ẹni tí yóò lò ó, wọn kò sì fi àwọn ẹlẹ́yà mìíràn sí i kí a lè mọ̀ bóyá yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí kò ní ràn wọ́n. Ẹni tó ní ẹ̀dà nọ́ńbà 8 àti ẹni tí kò ní i lè jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí àwọ̀ wọn sì dọ́gba. Àwọ̀ kì í ṣe jíìnì.

Kì í ṣe Áfíríkà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Clopidogrel, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n ti fi irin la iṣan ọkàn rẹ̀, dé ọjà ní ọdún 1997. Ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ yí i padà kí ó tó lè ṣiṣẹ́, jíìnì CYP2C19 ló sì ń pèsè ẹ́ńsáìmù tó ń yí i padà. Ní ìlà-oòrùn Éṣíà, ó ju ìdajì àwọn ènìyàn lọ tó ní ó kéré tán ẹ̀dà kan tí kò ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2010 ni FDA tó fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sí i. Ní ọdún 2014, ìpínlẹ̀ Hawaii, tí àwọn ará Éṣíà àti erékùṣù Pàsífíìkì pọ̀ sí, gbé àwọn tó ń tà á lọ sí ilé ẹjọ́ lórí pé wọn kò sọ èyí fún aráyé ní àsìkò. Ní ọdún 2024, àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n yẹ jíìnì yìí wò fún àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ tó wá láti inú ẹ̀jẹ̀ dídì kí wọ́n tó fún wọn ní clopidogrel.

Ohun tó kan àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ oògùn. Lójú tiwa, ó kàn wá ní ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní ni ti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó ń kọ́ báyọ́lọ́jì ti mọ AA, AS àti SS. Láti ibẹ̀ sí CYP2C9 kò jìnnà. Ìṣirò inú kíláàsì náà lè jẹ́ ti wa: bí òbí méjèèjì bá ní ẹ̀dà nọ́ńbà 8 kọ̀ọ̀kan, ọmọ mélòó nínú mẹ́rin ni a lè retí pé yóò jogún méjì? Ẹ̀kọ́ náà yóò wá kúrò lórí àìsàn nìkan, yóò di ohun tó kan gbogbo ènìyàn.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀kọ́ ìtàn àti ìmọ̀ àwùjọ. Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ni ni ìbéèrè kan tó ṣeé bi gbogbo òṣùwọ̀n: ta ni wọ́n fi ṣe é? Ìbéèrè náà bá ìdánwò ìmọ̀ọ́mọ̀, ìwọ̀n ìdàgbàsókè ọmọdé, àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ka ojú ènìyàn mu. Olùkọ́ tó bá kọ́ ọmọ láti bi í kò kọ́ ọmọ náà láti kórìíra sáyẹ́ǹsì. Sáyẹ́ǹsì ló bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà ní ọdún 2013, tó sì tún ìlànà rẹ̀ ṣe ní ọdún 2017.

Ọ̀nà kẹta ni ti èdè. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ìyá wa fún ìwádìí, ó yẹ kí ó lè gbọ́ ní Yorùbá ohun tí jíìnì jẹ́, ibi tí wọn yóò kó ẹ̀jẹ̀ náà sí, ẹni tí yóò lò ó, àti pé ó lè kọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ibi ìpamọ́ kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey títí di òní, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń béèrè fún un. Àṣẹ tí ènìyàn fún ní èdè tí kò gbọ́ kì í ṣe àṣẹ. Iṣẹ́ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni láti pèsè ọ̀rọ̀ fún èyí, yálà a lo jíìnì tàbí àbùdá, ẹ̀dà tàbí oríṣi, kí a sì fẹnu kò lórí rẹ̀ kí aláìsàn tó dé ẹnu ọ̀nà dókítà. Ohun tí a ń sọ yìí kan Hausa, Igbo àti gbogbo èdè tó wà nínú àpérò yìí.

A mọ̀ pé àwọn oògùn tuntun ti ń gba ipò warfarin láti ọdún 2010, tí wọn kò sì nílò INR. Síbẹ̀, ẹni tó ní fáàfù onírin kò lè lò wọ́n. Ní ọdún 2022, ìwádìí INVICTUS, tó wáyé ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, fi hàn pé fún àwọn tí àrùn làkúrègbé inú ọkàn ti ba fáàfù wọn jẹ́, tí ọkàn wọn sì ń lù ségesège, irú oògùn àtijọ́ bíi warfarin sàn ju rivaroxaban tuntun lọ. Àrùn yìí ń ba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú nígbà ọmọdé ni ó sì sábà máa ń gbà wọlé. Nítorí náà, warfarin kò tíì di ìtàn ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí ohun tó kà níbí. Kí ó máa ṣe àyẹ̀wò INR rẹ̀ déédéé, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ bí ó bá ń mu àgbo, kí ó má sì máa jẹ ẹ̀fọ́ ní àjẹpọ̀jù lónìí kí ó pa á tì lọ́la, nítorí fítámì K inú ewé tútù ń bá oògùn náà jà.

Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí bí májèlé eku ṣe di oògùn ọkàn, bí àyẹ̀wò jíìnì ṣe fẹ́ mú ìwọ̀n rẹ̀ tọ́, àti bí àyẹ̀wò náà ṣe ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn tí wọ́n fi ṣe é, tí ó sì kùnà fún àwọn tí wọn kò kà mọ́ ọn. Wíwà nínú àwòrán kò tó. YRI wà nínú àwòrán náà fún ọdún mẹ́jọ kí COAG tó jáde, èyí kò sì dáàbò bo aláìsàn aláwọ̀ dúdú kan.

Àwọn ohun èlò kò jìnnà sí wa mọ́. Iṣẹ́ H3Africa, tí wọ́n kéde ní ọdún 2010 tó sì parí ní ọdún 2022, ran àwọn olùwádìí Áfíríkà lọ́wọ́ láti ṣe ìwádìí jíìnì ní ilẹ̀ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ wà nídìí bí wọ́n ṣe ka jíìnì kòkòrò àrùn Kòrónà jáde ní Nàìjíríà láìsí pé wọ́n gbé e lọ sí òkè òkun. Ohun tó kù ni àwọn tí yóò lò ó: dókítà tó mọ àyẹ̀wò tí yóò béèrè fún, aláìsàn tó mọ ohun tí wọ́n ń bi í, àti ọmọ ilé ìwé tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tòun náà yẹ kí ó wà nínú òṣùwọ̀n. Ọwọ́ àwọn olùkọ́ tí a ń kọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́.